Ọmọ tí À ń Wá Ilé Fún: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọjọ́ Ajé ni ọmọbìnrin náà dé ọ́fíìsì wa, níbi tí a ti ń ran àwọn ọmọ tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́, òjò sì ti pa á dé egungun. Ọmọ ọdún 19 ni. Tí a bá yọ aṣọ kúrò, nǹkan méjì péré ló wà nínú ọ̀rá tó gbé dání: káàdì èsì ìdánwò tó ṣe kẹ́yìn nílé-ẹ̀kọ́, àti fọ́tò ìyá rẹ̀. Nínú fọ́tò náà, ìyá jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n obì gbànja tí wọ́n fi ewé gbòdógì bò dé ìdajì. Kò rẹ́rìn-ín. Mo gba fọ́tò yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà, mo ní ẹ̀rí ni, mo fi í sínú fáìlì.

Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, mi ò sì ní wá orúkọ mìíràn fún un, torí ọ̀rọ̀ orúkọ wà lára ohun tó gbé e wá. Ọmọ náà ni n ó máa pè é. Ìlú baba rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ló wà.

Ṣàgámù ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Rẹ́mọ ni ìyá rẹ̀, ó ń ta obì ní Sábó, níbi táwọn Hausa ti máa ń di gbànja lọ sí òkè Ọya. Ìjẹ̀bú ni baba. Ó ti ní ìyàwó nílé kó tó mọ ìyá ọmọ náà, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń yà sọ́dọ̀ wọn. Ìyá kú nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún 9. Baba wá mú un, kò mú un lọ sílé ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde ló gbé e lọ. Ọdún kẹrin sí i, baba náà kú.

Àǹtí yìí kò febi pa á. Mo sọ ọ́ torí pé àwọn tó ń ka irú àkọsílẹ̀ yìí ti máa ń retí ìyà àti ẹgba. Oúnjẹ wà, aṣọ Iléyá wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọdún kan kí ọmọ náà parí girama, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé gàrí lé e lórí pé kó máa kiri. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó jí kúrò nílé ní ìdájí. Ó kọ́kọ́ lọ ń bá obìnrin kan bó obì ní Ṣàgámù, lẹ́yìn náà ó kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà kan. Ọkùnrin yìí kì í lù ú. Owó àjọ rẹ̀ ló máa ń gbà, a sì fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù.

Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí á ṣe fún un. Ó wo ilẹ̀ títí. Ó ní, “Mà, ṣé ẹ lè bá mi wá ẹni tó mọ oríkì ilé wa?”

Ohun tí mo kọ sínú ìwé nìyí: “Ó ń béèrè ibi tí yóò máa gbé.” Ìwé náà ṣì wà nínú fáìlì. Ìkọ̀wé mi ni, kò sí bí mo ṣe lè sẹ́.

Mo gbọ́ ohun tó sọ o. Ó tilẹ̀ ṣàlàyé pé òun mọ oríkì àbísọ òun, torí òun ni ìyá òun fi ń jí òun láràárọ̀, àti pé bí baba bá wọlé lọ́jọ́ tó bá wá, ìyá a kúnlẹ̀, a ki í, ìdílé wọn láti òkè délẹ̀. Ọmọdé ni òun, òun kò gbá a mú. Láti ọjọ́ tí ìyá ti kú, kò sẹ́ni tó tún pe oríkì àbísọ náà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ẹkún ni. Fọ́ọ̀mù wa kò ní àyè tí wọ́n ń kọ oríkì sí. Ó ní àyè ibùgbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ibi tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti dè wá lọ́wọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní 2006, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ló wà fún. Ká ní ìdájí ọjọ́ tó jáde nílé àǹtí rẹ̀ ló wá bá wa, a ní agbára láti gbé e sí ibi ààbò, a lè pe àǹtí náà wá sọ ìdí tó fi yọ ọ́ nílé-ẹ̀kọ́. Ní 19, àgbà ni lójú òfin. Ẹnu nìkan ló kù tí a ní, pẹ̀lú àwọn èèyàn tí a mọ̀.

A kọ́kọ́ dá a padà sọ́dọ̀ àǹtí. Àǹtí sunkún, ó dì mọ́ ọn, ó pa adìẹ. Ọjọ́ kọkànlá, ọmọ náà tún ti jáde. Nígbà tí mo wádìí, kò sẹ́ni tó bá a jà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìsà, ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ó padà dé, ó bá ọmọ ọ̀dọ̀ mìíràn lórí ẹní náà. Wọ́n ní kó máa sùn ní pálọ̀ ná.

Lẹ́yìn náà la mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá ìjọ kan, olóore tòótọ́, tí mo ṣì ń kí títí dòní. Obìnrin yìí ra aṣọ fún un, ó ra bàtà, òun ló ń yan irun tí yóò dì. Wọ́n ń ti géètì ní agogo méje alẹ́, fóònù ọmọ sì ń sùn ní yàrá màmá. Oṣù kẹta, àlejò wá, ó bi màmá pé ta nìyí. Màmá ní, “Ọmọ kan tí à ń bá wọn tọ́ ni.” Ọmọ náà ń gbé omi bọ̀ láti kíṣìnnì. Ó gbé omi náà kalẹ̀ fún àlejò, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú àbọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti padà sọ́dọ̀ ọlọ́kadà rẹ̀.

Nípàdé wa lọ́sẹ̀ yẹn, mo pè é ní aláìmoore lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ fún ìyẹn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló kàn. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà nílẹ̀ tí ẹnì kan fi ta wá lọ́rẹ, ó ti pẹ́ tí à ń wá ẹni tí a ó fún. Bí ọmọ náà ṣe di aránṣọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bóyá abẹ́rẹ́ wù ú. Oṣù méje ló fi ṣe é. Ó gé àǹkárá oníbàárà gba òdì lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sùn lórí ẹ̀rọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọmọ náà kì í ṣe aláìgbọràn, ọwọ́ rẹ̀ ni kò sí nínú iṣẹ́.

Láàrin oṣù méje yìí ni mo lọ bá ẹbí baba rẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí pé ẹ̀kọ́ ìwé tí mo ní ló ba nǹkan jẹ́.

Mo múra lọ ni. Mo ní abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 lọ́wọ́, tó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ipò tí wọ́n bí ọmọ sí dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mo ní ẹjọ́ Lopez sí Lopez tí wọ́n dá l'Ékòó ní 1924, pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ìdílé baba rẹ̀ bíi ọmọkùnrin. Mo jókòó láàrin àwọn àgbà mẹ́sàn-án, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Olórí ẹbí jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé òpin. Wọ́n wá ní, “Ìyáàfin, ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò lọ́jọ́ tí wọ́n sọ èyí lórúkọ?” Ṣàgámù ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ nínú wọn. Wọ́n bu omi fún mi mu, wọ́n sì sin mí jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyálé ló tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò. Kò bínú. Ó kàn ní, “Mà, yàrá mẹ́jọ ni ilé wa. Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gba mẹ́rin ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Baba kú láìkọ ìwé ìhágún. Ìdí-igi ni àṣà wa fi ń pín ogún olórogún, iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni wọ́n ń wò. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ nígbà náà lọ́hùn-ún, ní Lọ́ńdọ̀nù, fọwọ́ sí i nínú ẹjọ́ Dawodu sí Danmole ní 1962. Orí-ò-jorí náà wà, kí wọ́n pín in ní iye ọmọ, olórí ẹbí ló lè sọ pé òun ni kí wọ́n lò bí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Ìyálé bí márùn-ún. Ìyá ọmọ náà bí òun nìkan. Bó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdajì ilé tí àwọn márùn-ún ń gbé ló ń lọ yẹn. Èmi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ìtìjú àti àlè ni mo bá lọ, mo ti gbé ogun lọ bá ènìyàn márùn-ún, mi ò sì mọ̀. Wọn ò sọ pé ilé ló ń dùn wọ́n. Ìsọmọlórúkọ ni wọ́n sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà, àwa kọ́ la yí i. Ebu gàrí kan wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá aránṣọ náà. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan gàrí ń gbóná, ìyá rẹ̀ ní láti sáré gbé e lọ ọsibítù, agbada rẹ̀ sì wà lórí iná. Ọmọ náà kọjá, ó jókòó sídìí rẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń yan gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé kì í ṣe eré. Wọ́n ti jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ náà kan dáadáa kí wọ́n tó fún un, ibẹ̀ ni ìkan rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n sẹ́ ẹ títí ó fi kúnná. Lórí agbada, ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí i. Wọ́n ń fi àfọ́ igbá tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi wọ́ ọ, wọ́n ń dà á padà, ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró. Iná bá pọ̀ jù, ó dì ní kókó; iná bá kéré, kò gbẹ dénú, yóò bu láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Èéfín ń wọ ojú, ẹ̀gbẹ́ kan ara a máa gbóná ju ìkejì lọ. Ọmọ tí ń sùn lórí ẹ̀rọ ìránṣọ jókòó síbẹ̀ láti agogo mẹ́wàá di ìrọ̀lẹ́, ó ń gbá iná jáde, ó ń tì í wọlé. Àṣé nílé àǹtí, kì í ṣe kíkiri nìkan ló mọ̀. Ìyá àgbà tó ni ebu bu gàrí rẹ̀ sọ́wọ́, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n ní ọwọ́ ọmọ yìí mọ iná.

Láti ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa iṣẹ́ aránṣọ jẹ. Mo rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé ọ́fíìsì wa pé kó lọ bá a wí. Ó lọ ní àárọ̀, ó dé ní ọ̀sán, eérú wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, “Mà, ẹ má pè é padà o. Ó ń kọrin níbẹ̀.”

Oṣù kejì rẹ̀ ní ebu ni ìyá àgbà bi í pé ọmọ ta ni. Ó dárúkọ ìlú, ó dárúkọ baba. Ìyá àgbà gbé ajọ̀ ọwọ́ wọn kalẹ̀. Ìlú kan náà ni wọ́n, ọkọ ló gbé wọn wá sí Rẹ́mọ láti kékeré. Wọ́n mọ baba baba rẹ̀. Wọ́n wo ojú ọmọ náà dáadáa, wọ́n ní, “Àbájọ,” wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Èdè Ìjẹ̀bú ponbele ni wọ́n fi kì í, mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì ní gbìyànjú láti kọ ọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ náà di àfọ́ igbá mú, kò mira. Gàrí inú agbada jóná. Wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú tirẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, torí ìyá àgbà kì í fi owó ṣeré.

Ìyá àgbà yìí ló lọ bá ẹbí náà. Wọn ò pè mí. Màmá sọ fún àwọn ẹbí pé ọjọ́ tí ọmọ náà pé ogójì, baba gbé e wá fi han ìyá tirẹ̀, pé ìyá yẹn fi owó sínú omi, ó sì fún ọmọ lórúkọ kan. Wọ́n dá orúkọ náà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà mẹ́sàn-án rántí. Ibẹ̀ ni ìjókòó yí padà.

Wọ́n bi ọmọ náà pé kí ló fẹ́. Ó ní yàrá kan, kí orúkọ òun sì wọ ìwé ìdílé. Nígbà tí wọ́n ròyìn fún mi, inú bí mi. Òfin fún un ju yàrá kan lọ! Mo ní kó má fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó gbọ́ mi dé òpin, bíi ti olórí ẹbí, ó ní, “Mà, èmi ni mo máa máa bá wọn jókòó níbi òkú àti ìgbéyàwó.” Ohun tí a wá bá a ṣe ni pé kí ìwé náà sọ pé yàrá náà jẹ́ fún lílò, pé wọn ò tíì pín ogún, pé kò sì fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọjọ́ pípín bá dé. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ìjọba ló bá wa wò ó. Wọ́n fọwọ́ sí i, gbogbo wọn.

Mo rò pé yóò kó lọ síbẹ̀. Kò kó lọ. Ó ra ágádágodo sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó sì háyà yàrá kan lẹ́bàá ebu. Bí Iléyá bá dé, yóò lọ ṣí i, gbá a, sùn níbẹ̀ títí tí wọ́n á fi ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta, yóò wá tì í padà. Ó ń dun àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé yàrá ṣófo. Ó ní kò ṣófo, òun ló wà níbẹ̀.

Ti ọlọ́kadà, a ò rí nǹkan kan ṣe sí i. Gbogbo ìgbà tí a bá ní kó fi í sílẹ̀ ló ń tẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó yí padà ni pé owó rẹ̀ wọ inú àjọ àwọn obìnrin ebu, ọwọ́ ìyá àgbà ni ìwé rẹ̀ wà. Ọkùnrin náà wá béèrè bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ náà ní owó wà, àmọ́ kó lọ bá màmá sọ ọ́. Ọkùnrin náà kò lọ. Ó pòórá fún bí oṣù mẹ́rin, ó tún yọjú, ó ń bá wọn gbé àpò gàrí lọ sọ́jà báyìí, wọ́n sì ń sanwó ọkọ̀ fún un. Mo bi ọmọ náà bóyá ó máa fẹ́ ẹ. Ó ní òun ṣì ń wò ó.

Àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ báyìí, mo ti fi dandan lé e pé ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó wá bá wa, bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí wọ́n kọ ọ́ sí òkè fáìlì, kó tó di pé fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ oríkì ló béèrè, kí wọ́n kọ oríkì. Ọdún kan àti oṣù mélòó kan la fi ń wá ilé fún ọmọ tí kò ní ká wá ilé fún òun, ilé mẹ́ta ló sì já a kulẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa sì tó gbé òfin lọ sọ́dọ̀ ẹbí, kó ṣírò ohun tí òfin náà máa gbà lọ́wọ́ àwọn tó jókòó. Mi ò ní kí á má gbé e lọ. Òfin ló jẹ́ kí ìwé yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà tí mo gbé e lọ ni kò dára, àti pé èmi ni mo gbé e lọ, láìmú ẹnì kan tó mọ ilé dání. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà, ẹlòmíràn ti gbà á. Òun ló wá béèrè fún un.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ náà wá sí ọ́fíìsì. Ó gbé gàrí wá fún wa nínú ọ̀rá. Ó ní òun fẹ́ gba fọ́tò ìyá òun.

Ọjọ́ méjì la fi wá fáìlì náà. Pín-ìn-nì ni mo fi kan fọ́tò yẹn mọ́ ìwé nígbà náà, ó sì ti dógùn-ún. Ìpẹtà ti wọ inú agbọ̀n obì, ó ku díẹ̀ kó kan ọwọ́ ìyá. Mo fẹ́ yọ ọ́, ó ní kí n fi sílẹ̀. Ó fi èékánná tú pín-ìn-nì náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáde, ó fi ẹnu aṣọ nù ún, ó dì í sínú ìwé tó mú wá láti ilé. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i, pé ọ́fíìsì ti dá fọ́tò padà fún òun. Mo kọ ọ́. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó ní ọjọ́ tí mo kọ síbẹ̀ kò tọ̀nà. Mo tún un kọ.